Irúgbìn Wo Ni Kí N Gbìn? Ìfiwéra Fún Ará Ìbàdàn Tí Kò Fẹ́ GMO Nínú Ọgbà Ẹ̀fọ́ Rẹ̀

Bí owó ata àti tòmátì ṣe ń fò sókè lójoojúmọ́ ti sọ ọ̀pọ̀ wa di àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Láti Akóbọ̀ títí dé Ológúnẹ́rù, ẹni tí kò ní ilẹ̀ ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò sìmẹ́ńtì àti ike ọ̀dà. Ìbéèrè tó sì ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn jù báyìí ni pé báwo làwọn ṣe máa ṣe é tí GMO, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà ní ilé ìwádìí, kò fi ní wọ inú ọgbà àwọn. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí ni pé ọ̀pọ̀ ń sá fún ohun tí kò lé wọn, wọ́n sì dẹra sílẹ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n ti lajú.

Àwọn irúgbìn GMO mẹ́ta ló ti dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà: òwú, ẹ̀wà àti àgbàdo. Ti òwú ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 2018, ìyẹn kò sì kàn wá nínú ọgbà ẹ̀fọ́. Ẹ̀wà tẹ̀lé e ní 2019. SAMPEA 20-T ni orúkọ rẹ̀, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ló gbé e jáde, kí kòkòrò tó máa ń lu pádi ẹ̀wà má baà rí i jẹ. Ní oṣù kìíní 2024 ni ti àgbàdo jáde, SAMMAZ 72T títí dé 75T, tí wọ́n ṣe láti kojú kòkòrò tó ń jẹ igi àgbàdo nínú àti èyí tó ń ya ewé rẹ̀ jákujàku. Ẹ ṣàkíyèsí T tó wà ní ìdí orúkọ ti ẹ̀wà àti ti àgbàdo. Bí ẹ bá rí i lára páálí, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ewédú ńkọ́? Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, gbúre, ewúro, èfìnrín? Kò sí GMO wọn lọ́jà níbikíbi láyé. Tòmátì àti ata tí wọ́n ń tà fún wa láti gbìn níbí náà kì í ṣe GMO. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbin ẹ̀fọ́ ọbẹ̀ nìkan ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá kù láti yàn? Ohun márùn-ún ni mo máa fi wọn irúgbìn kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀. Àkọ́kọ́, ṣé a mọ ibi tó ti wá? Ìkejì, bí a bá tọ́jú irú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, ṣé yóò jọ ìyá rẹ̀? Ìkẹta, ṣé yóò hù? Ìkẹrin ni owó. Ìkarùn-ún, ṣé ó bá àyè àti àkókò tí èèyàn ní mu? Èmi fi ìkejì ṣe pàtàkì ju owó lọ, torí ẹni tó bá lè mú irúgbìn láti inú ọgbà ara rẹ̀ kò ní máa bẹ̀rù ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú àṣìṣe mẹ́ta kúrò lọ́nà. Irúgbìn F1 kì í ṣe GMO: wọ́n kàn mú irú méjì tó yàtọ̀ síra, wọ́n fi òdòdó ọ̀kan gba eruku òdòdó èkejì ni, ohun tí kòkòrò oyin ń ṣe fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ. Irúgbìn tó ní àwọ̀ osùn, búlúù tàbí àwọ̀ ewé kì í ṣe GMO bẹ́ẹ̀ náà. Oògùn ni wọ́n fi pa á lára kó má baà jẹrà nínú ilẹ̀, ẹ má fún adìyẹ jẹ, ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Ìkẹta ni àgbàdo tó pọ́n bí epo, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń nà ìka sí pé “GMO rèé o!” Èròjà tí ara wa ń sọ di Fítámìnì A ló mú un pọ́n, ọ̀nà ìbísí àtijọ́ náà ni wọ́n sì fi mú un jáde.

Irúgbìn tí a tọ́jú fúnra wa

Èyí ni mo fi ṣáájú, torí òun nìkan la mọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó ń béèrè ni sùúrù àti kí èèyàn fi igi kan tàbí méjì sílẹ̀ láìká a jẹ, ìyẹn gan-an ló sì nira fún àwọn kan, pàápàá tí ìyàwó ilé bá ti gbé ìkòkò kaná.

Ewédú rọrùn jù. Ẹ jẹ́ kí pádi rẹ̀ gbẹ lórí igi títí yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí ẹ ká a kó tó là. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbìn ín: wọ́n á fọ́n ọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á retí, kò ní hù dáadáa, wọ́n á ní irúgbìn náà ti kú. Kò kú, èèpo rẹ̀ ló le. Ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe ni pé wọ́n á dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ká tó kà dé mẹ́wàá wọ́n ti fà á yọ, wọ́n á sì tú omi tútù lé e lórí. Kí wọ́n tẹ́ ẹ kó gbẹ díẹ̀ kó má lẹ̀ mọ́ra, ó di fífọ́n. Bó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, ẹ ti se é nìyẹn.

Tòmátì gba iṣẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ má mú nínú èyí tó kù sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jẹ. Orí igi tó lágbára jù, tí ewé rẹ̀ kò ká, ni kí ẹ ti mú èso tó pọ́n dáadáa. Ẹ fún kóró rẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú ife, ẹ bò ó, ẹ gbé e síbi tí òórùn rẹ̀ kò ti ní lé àlejò. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta yóò ru fọ́ọ̀mù lójú, ohun yíyọ̀ tó bo kóró náà lára yóò sì ti tú. Ohun yíyọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kó hù nínú èso. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú asẹ́, èyí tó bá léfòó ẹ dà á nù, kí ẹ wá sá ìyókù sórí àwo tánńganran. Bí ẹ bá sá a sórí pépà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Ilá ní tirẹ̀, oyin ni wàhálà rẹ̀. Bí aládùúgbò bá gbin ilá onírú mìíràn, oyin á gbé eruku òdòdó tirẹ̀ wá sórí tiyín, èyí tí ẹ bá gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní jẹ́ ti ẹnìkan nínú yín mọ́. Ọ̀nà àbáyọ kò le: òdòdó ilá kì í là ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí yóò là, ẹ fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì kékeré dì í, ẹ so òwú pupa mọ́ ìdí rẹ̀ kí ọmọ ilé má lọ ká a sọ́bẹ̀. Bí kò bá sí nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi nǹkan fún orí òdòdó náà pa. Ilá lè gba ara rẹ̀ lóyún láìsí oyin. Ata rodo àti tàtàṣé tó bá wà nítòsí ara wọn náà lè dàpọ̀ lọ́nà kan náà.

Úgù kò ṣeé gbẹ. Kóró rẹ̀ tó bá gbẹ ti kú, inú èso rẹ̀ ni kó wà títí di ọjọ́ tí ẹ máa gbìn ín. Gbúre àti ewúro kò tilẹ̀ nílò irúgbìn, ẹ gé igi wọn lọ́dọ̀ aládùúgbò, ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Àléébù irúgbìn àtọ́jú ni pé àìsàn lè bá a wá, pàápàá tòmátì. Bí ẹ bá sì ń mú irú tẹ̀tẹ̀ láti ara igi kan ṣoṣo lọ́dọọdún, yóò máa rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú un lára igi tó pọ̀.

Irúgbìn ọjà

Ní Bódìjà, Ọjẹ́ àti Ọjà'ba, ẹ máa rí àwọn ìyá tó ń ta irúgbìn ẹ̀fọ́, ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú tàbí agolo mílìkì, wọ́n á sì pọ́n ọn sínú ọ̀rá dúdú. Kò sí èyí tó pọ́ọ́kú tó o nínú gbogbo ohun tí à ń rà. Irú ìbílẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ilẹ̀ àti òjò wa sì ti mọ̀ ọ́n lára. Fún tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi náwó ju báyìí lọ.

Ìṣòro rẹ̀ ni ọjọ́ orí. Ẹ bi wọ́n léèrè. “Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ìgbà wo lẹ kó irúgbìn yìí?” “Ti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni, ọmọ mi, ṣé mo lè parọ́ fún ọ ni?” Wọn kì í sábà parọ́, ṣùgbọ́n àwọn náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ẹ rà díẹ̀, kí ẹ ka mẹ́wàá sínú aṣọ tútù, kí ẹ ká aṣọ náà síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Bí méje bá yọ ẹnu láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ rà sí i. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ wá ìyá mìíràn. Ẹ ó kọ́kọ́ bọ ti ewédú nínú omi gbígbóná o.

Àwọn kan máa ń mú kóró láti inú tòmátì tí wọ́n rà ní apẹ̀rẹ̀, èyí tó wá láti Òkè Ọya. Kì í ṣe GMO, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ F1, ohun tó máa hù kò dájú: ọ̀kan á so rẹpẹtẹ, èkejì á so kóró wẹ́wẹ́ bí ẹyìn. Fún ọgbà ìṣeré, kò burú.

Ẹ̀wà jíjẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Òkè Ọya ló ti ń wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbin SAMPEA 20-T, kò sì sí ojú tó lè fi ìyàtọ̀ hàn nínú ẹ̀wà tútù tàbí gbígbẹ. Kò sí ẹlẹ́wà tó lè jẹ́rìí orúkọ irúgbìn tó wà nínú àpò rẹ̀. Ẹni tó bá rà á jẹ, tó wá fọ́n èyí tó kù sí ẹ̀yìnkùlé, lè ti gbin GMO láìmọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Irúgbìn ilé ìwádìí

Níbí ni Ìbàdàn ti ju gbogbo ìlú lọ, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀. NIHORT, ilé ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, wà ní Ìdí-Ìṣìn nínú Jẹ́ríkò. Àwọn ló ni ilá NHAe 47-4, ilá kúkurú tó ń tètè so, tó sì bá inú àpò mu dáadáa. Ní Moor Plantation lọ́nà Apátá ni IAR&T wà, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ àgbàdo àti ẹ̀wà. NACGRAB náà wà níbẹ̀, àmọ́ bí báńkì ni tiwọn rí, wọ́n ń tọ́jú irúgbìn ìbílẹ̀ kó má baà parun ni, wọn kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, náà ní irú báńkì bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà nìkan tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ lé ní 15,000 onírúurú láti káríayé.

Irúgbìn ẹ̀fọ́ tí ẹ máa rí rà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣeé tọ́jú fún ọdún mìíràn, ó sì máa jọ ìyá rẹ̀. Ẹ kàn bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: “Ṣé ó ṣeé tún gbìn, àbí F1 ni?” Owó rẹ̀ ju ti ọjà díẹ̀, kò tó ti F1. Ìnira tó wà níbẹ̀ ni pé ọ́fíìsì ìjọba ni: Mọ́ńdè sí Fúráídè, ẹ sì lè dé ibẹ̀ kí wọ́n ní ilá ti tán, àfi oṣù tó ń bọ̀. Ẹ wá ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ pè. Bí ẹ bá sì lọ, ẹ rà tó èyí tí ẹ máa fi mú irú sílẹ̀, kó má di ìrìn ọdọọdún.

F1 inú agolo àti sáṣẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá fẹ́ ta tòmátì tàbí tàtàṣé, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, F1 ló máa pa owó. Nínú òjò Ìbàdàn, tòmátì máa ń sùn lójijì: ẹ rí i láàárọ̀ tó tutù yọ̀yọ̀, nírọ̀lẹ́ ó ti rọ wọ́jọ́ láìpọ́n lára rárá. Àìsàn inú ilẹ̀ ni, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Àwọn F1 kan wà tí wọ́n mú jáde nítorí ooru àti irú àìsàn báyìí, Cobra 26 jẹ́ ọ̀kan tí àwọn alágbẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ó wọ́n. Kíkà ni wọ́n ń ka kóró rẹ̀. Bí ẹ bá sì tún gbin ọmọ rẹ̀, yóò tú ká, kò ní dà bí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá yàn án ti gbà pé òun á máa padà sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà.

Ohun tí àwọn olùrà kì í béèrè ni pé nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, irúgbìn tí kì í ṣe F1 wà lórí pákó kan náà: Roma VF àti UC82B fún tòmátì, California Wonder fún tàtàṣé, Clemson Spineless fún ilá. Wọ́n dínwó, wọ́n ṣeé tọ́jú. Ẹ ka ara agolo dáadáa. Bí ẹ bá rí F1, òun náà ni. Bí kò bá sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó ṣeé tún gbìn.

Ẹ sá fún èyí tí wọ́n tú kúrò nínú agolo sínú ọ̀rá, kódà bí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù bá búra. Àjọ tó ń mójú tó irúgbìn ní Nàìjíríà, NASC, ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní SeedCodex: ẹ máa họ ọ́ bí káàdì fóònù, ẹ ó rí nọ́ńbà tí ẹ lè fi yẹ irúgbìn náà wò. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ pẹ̀lú.

Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun

Ìyàlẹ́nu rẹ̀ ni pé àwọn tó ń sá fún GMO ló fẹ́ràn èyí jù, nígbà tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni GMO ti pọ̀ jù. Láti 2024 ni wọ́n ti ń ta kóró tòmátì aláwọ̀ àlùkò kan fún àwọn onílé lọ́hùn-ún, GMO ni. Ìbẹ́pẹ Hawaii tí wọ́n gbé jáde ní 1998, àgbàdo aládùn kan àti elégédé kan wà níbẹ̀ bákan náà. Ní Bangladesh, ìkàn ni. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kó rí i pé wọ́n kọ “non-GMO” sí ara páálí. Irúgbìn tó bá sì ń wọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ NAQS, àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ibodè, kó má kó àìsàn wá. Létúùsì ìlú òtútù á kàn sáré yọ òdòdó nínú ooru wa, ewé rẹ̀ á sì korò.

Àgbàdo àti ẹ̀wà gba ojú lọ́tọ̀

Ẹ̀wà máa ń gba ara rẹ̀ lóyún kí òdòdó rẹ̀ tó là tán, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù ti aládùúgbò, orísun kóró tí ẹ gbìn ni kí ẹ mọ̀. Ifẹ̀ Brown, irú ẹ̀wà kan, tí ẹ bá rà láti IAR&T kì í ṣe GMO, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Àgbàdo yàtọ̀. Atẹ́gùn ló ń gbé eruku rẹ̀, ọmọ inú ṣírí tí ẹ ń jẹ sì ní ìpín láti ọ̀dọ̀ bàbá tó wà nínú oko ẹlòmíràn. Àwọn tó ń ṣe irúgbìn títà máa ń fi nǹkan bí 200 mítà sílẹ̀. Ta ló ní 200 mítà nínú Ìbàdàn? Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ bi aládùúgbò ohun tó gbìn, kí ẹ sì fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí àárín tiyín àti tirẹ̀, kí irùkẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ti gbẹ kí irun tiyín tó yọ. Irú DMR-ESR, tí wọ́n mú jáde nítorí àìsàn tó ń sọ ewé àgbàdo di funfun, ṣeé mú irú sílẹ̀, ẹ béèrè rẹ̀ ní Moor Plantation.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá ojúkojú, tó ní àpò márùn-ún péré lẹ́bàá kànga: irúgbìn ọjà fún tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, igi gbúre lọ́wọ́ aládùúgbò. Kò nílò jù bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé gidi, tó sì fẹ́ kí ọgbà máa bọ́ ilé fún ọdún púpọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Ìṣìn, kó fi Roma VF kún un láti ṣọ́ọ̀bù, kó sì mú irú sílẹ̀ láti ìkórè àkọ́kọ́. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ló bá a mu jù, torí ó ní àsìkò láti máa so nẹ́ẹ̀tì mọ́ òdòdó ilá.

Ẹni tó fẹ́ tà, F1 fún tòmátì àti tàtàṣé, irú ìbílẹ̀ fún ewé. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ GMO dẹ́rù bà á.

Ẹni tí kò fẹ́ kí GMO fara kan òun rárá, bóyá nítorí ẹ̀sìn tàbí ìlera, kó fi àgbàdo sílẹ̀ bí ilé bá fún mọ́ra, kó gbin Ifẹ̀ Brown tàbí kó má gbin ẹ̀wà rárá. Ìyókù inú ọgbà kò nílò ẹ̀ṣọ́. Bí kò bá sì lè ṣe kó máà gbin àgbàdo, kó lọ bá àwọn ará àdúgbò kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jọ ra irú kan náà, kí wọ́n jọ gbìn ín lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn sàn ju kí kálukú máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dúró de ẹnì kejì.